Òfin Wo Ló Lékè? Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ọjọ́ Tí Íméèlì Tàbí Fáìlì Yóò Parẹ́ Pátápátá Nínú Microsoft 365

Òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó pe alábòójútó kọ̀ǹpútà wọn: "Íméèlì tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí mi ní 2020 ti pòórá. Ṣebí ẹ ní ọdún méje la ó fi tọ́jú rẹ̀?" Alábòójútó ṣí Microsoft Purview, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò òfin tó ń pa íméèlì àti fáìlì mọ́ tàbí tó ń pa wọ́n rẹ́, ó sì rí òfin mẹ́ta lórí àpótí íméèlì kan ṣoṣo. Ọ̀kan ní kí íméèlì wà fún ọdún mẹ́ta kó tó parẹ́, èkejì ní ọdún méje, ẹ̀kẹta ní kó parẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ó rántí ohun tó ti gbọ́ rí, pé èyí tó gùn jù ló máa ń borí, ó wá dáhùn pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Íméèlì náà wà níbi tó yẹ kó wà, ẹni tó ń wá a ni kò lè dé ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á mú òfin kọ̀ọ̀kan ní odindi, wọ́n á fi wọ́n jà bí àgbò, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa ṣubú. Òfin ìpamọ́ kì í ṣe odindi. Ó ní ọwọ́ méjì: ọ̀kan ń di nǹkan mú, èkejì ń jù ú nù. Ọwọ́ tó ń di nǹkan mú nínú òfin kan lè borí, kí ọwọ́ tó ń ju nǹkan nù nínú òfin mìíràn sì tún ṣiṣẹ́ lórí íméèlì kan náà. Bí ẹ bá ti ya ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀, ìṣirò tó kù kò le.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àṣẹ láti rí àwọn òfin nínú Purview (Compliance Administrator tó), àti àǹfààní láti wọ Exchange Online PowerShell (ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ètò íméèlì Microsoft).
- Ohun kan pàtó: íméèlì kan, tàbí fáìlì kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "gbogbo íméèlì wa". Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ ṣe é yanjú.
- Déètì ohun náà: ọjọ́ tí íméèlì wọlé, tàbí ọjọ́ tí wọ́n dá fáìlì sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.
- Bébà tàbí Excel tí ẹ pín sí òpó mẹ́rin: orúkọ òfin, ẹni tó kàn, ọjọ́ tó di nǹkan mú dé, ọjọ́ tó ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Ẹ má fojú tín-ín-rín bébà yẹn. Ẹni tó bá ń fi orí ṣe é, òfin kẹta ni yóò ti gbàgbé èkíní.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ jọ

Nínú Purview, ẹ lọ sí Data lifecycle management, ẹ ṣí Policy lookup. Ẹ tẹ àdírẹ́sì íméèlì ẹni náà sí i; tó bá jẹ́ fáìlì, ẹ tẹ àdírẹ́sì sáìtì SharePoint tó wà lórí rẹ̀. Yóò to àwọn òfin tó kàn án fún yín. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀.

Ẹ wọ PowerShell, kí ẹ sì tẹ ìlà méjì yìí:

Get-Mailbox [àdírẹ́sì] | FL LitigationHoldEnabled,InPlaceHolds

Get-OrganizationConfig | FL InPlaceHolds

Méjèèjì pọn dandan. Òfin tó bá kó gbogbo àpótí inú ilé-iṣẹ́ pọ̀ kì í hàn lára àpótí kọ̀ọ̀kan. Ìlà kejì ló máa fi í hàn. Òfin tó bá dárúkọ àpótí náà ní tààrà ni ìlà kìíní ń gbé jáde.

Ohun tí ẹ máa rí jẹ́ nọ́ńbà gígùn tó dà bí ẹni pé ológbò rìn lórí kíbọ́ọ̀dù, àmọ́ ìtumọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mbx, òfin ìpamọ́ fún íméèlì ni. Bí ó bá jẹ́ UniH, ìdádúró nítorí ẹjọ́ tàbí ìwádìí ni, èyí tí wọ́n ń ṣe láti inú eDiscovery, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rí jáde nínú Purview. Bí àmì ìyọkúrò bá ṣáájú, bíi -mbx, wọ́n ti yọ àpótí yìí kúrò nínú òfin náà. Ẹ tún wo ìparí nọ́ńbà tó jẹ́ mbx: 1 túmọ̀ sí pé òfin náà ń pa nǹkan rẹ́ nìkan, 2 túmọ̀ sí pé ó ń dì í mú nìkan, 3 túmọ̀ sí pé yóò dì í mú kó tó pa á rẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ti sọ iye ọwọ́ tí òfin náà ní fún yín.

Ó ku àmì ìpamọ́, ìyẹn òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹyọ nǹkan kan, tí wọ́n kọ retention label sí lójú ẹ̀rọ. Ara íméèlì tàbí fáìlì fúnra rẹ̀ lẹ ti máa rí i. Ẹyọ kan ṣoṣo ni nǹkan kan lè ní lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì méjì kì í wà lórí íméèlì kan.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Fáìlì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ nínú Teams kò sí lábẹ́ òfin Teams. OneDrive tàbí SharePoint ló ń gbé, òfin ibẹ̀ ló sì kàn án. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni òfin Teams ń mú. Bákan náà, ètò àtijọ́ kan ṣì wà nínú Exchange tí wọ́n ń pè ní MRM: bí ẹnì kan bá ní àpótí àkójọ àtijọ́, ètò tó bá a wá láti ilẹ̀ lè kó íméèlì tó ti pé ọdún méjì lọ síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìparẹ́, ìkólọ ni. Kí ẹ tó pariwo pé nǹkan sọnù, ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ka iye òfin tó wà lórí bébà yín, kí ẹ ka iye tó wà nínú ìdáhùn PowerShell méjèèjì, kí ẹ fi àmì ìpamọ́, bó bá wà, kún un. Bí iye bá yàtọ̀, ẹ kò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ déètì

Ẹ jẹ́ ká mú íméèlì òṣìṣẹ́ wa. Ó wọlé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2020.

- Òfin A kan gbogbo ilé-iṣẹ́: ẹ pa á mọ́ fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ pa á rẹ́. Ó dì í mú dé ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2023. Ó sì ní kó parẹ́ lọ́jọ́ náà.
- Òfin B dárúkọ àpótí àwọn ará ìṣirò owó nìkan: ẹ pa á mọ́ fún ọdún méje, ẹ má ṣe nǹkan kan lẹ́yìn náà. Ó dì í mú dé 2027. Òpó ìparẹ́ ṣófo.
- Òfin D kan gbogbo ilé-iṣẹ́: ẹ pa á rẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Òpó ìpamọ́ ṣófo. Ìparẹ́ jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021.

Ẹ kọ déètì gangan, ẹ má kọ "ọdún mẹ́ta". Ọdún mẹ́ta láti ìgbà wo? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Fún íméèlì, ọjọ́ tó wọlé tàbí ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún fáìlì, òfin lè kà láti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì lè kà láti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Àmì ní tirẹ̀ tún lè kà láti ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, tàbí láti ìgbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan bá wáyé, bíi kí òṣìṣẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Bí òfin bá ń kà láti ọjọ́ àtúnṣe kẹ́yìn, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú fáìlì ni aago tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Mo ti rí ìwé àdéhùn kan tí wọ́n rò pé ó ti yẹ kó lọ tipẹ́, tí ó ṣì wà nílẹ̀ digbí, nítorí pé ẹnì kan ń ṣí i lọ́dọọdún, tí ó ń tún déètì orí rẹ̀ kọ. Kò sí òfin tó kùnà níbẹ̀. Fáìlì náà kò dàgbà ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Òfin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní déètì nínú òpó kan ó kéré tán. Èyí tí òpó méjèèjì bá ṣófo, ẹ kà á ṣì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo òpó ìpamọ́ nìkan

Ẹ bo òpó ìparẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú òpó ìpamọ́, ẹ mú déètì tó jìnnà jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2027 ni. Ìyẹn ni gbèdéke: kí ọjọ́ náà tó pé, kò sí òfin kan tó lè pa íméèlì yìí rẹ́ pátápátá, bí ó ti wù kó le tó. Ìpamọ́ ló ń lékè ìparẹ́. Èyí ni òfin àkọ́kọ́ nínú gbogbo ètò yìí.

Bí ìdádúró nítorí ẹjọ́ bá wà, tàbí Litigation Hold (ìdádúró tí wọ́n fi sórí odindi àpótí íméèlì, tí LitigationHoldEnabled ń fi hàn) tí wọn kò fi iye ọjọ́ sí, ẹ kọ "títí tí wọn yóò fi tú u sílẹ̀" sí òpó náà. Ìyẹn jìnnà ju déètì yòówù lọ.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà*, ó sì pọ̀ gan-an: àwọn èèyàn máa ń ṣe òfin kékeré fún ẹ̀ka kan, "ọdún kan péré fún àwọn ará títajà", wọ́n á sì rò pé nítorí ó dárúkọ wọn, yóò borí òfin ọdún méje tó kan gbogbo ilé-iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òpó ìpamọ́, ẹni tí òfin dárúkọ àti ẹni tí kò dárúkọ, ọgbọọgba ni wọ́n. Gígùn nìkan ni ẹ̀rọ ń wò. Bí ẹ bá fẹ́ kí ti ẹ̀ka kan kúrú, ẹ gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò nínú òfin ńlá náà.

Ẹni tó bá ti Google Vault, ètò ìpamọ́ ti Google, bọ̀ ni èyí ń kó bá jù. Ní Vault, òfin tí ẹ ṣe fún ẹ̀ka kan máa ń borí òfin àkọ́kọ́ tó kan gbogbo ènìyàn, kódà bí ti ẹ̀ka náà bá kúrú jù. Ní Purview, òdì kejì rẹ̀ ni. Ẹ má fi àṣà ilé kan wọ ilé kejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ìka bo òfin tó ní déètì tó jìnnà jù. Bí òfin náà kò bá sí, ọjọ́ wo ni gbèdéke ìbá jẹ́? Ẹ kọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ní kí ẹ mú òfin náà kúrò.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo òpó ìparẹ́ nìkan

Ẹ wá bo òpó ìpamọ́. Níbí, dídárúkọ wúlò. Ẹ tẹ̀ lé ètò yìí láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹ sì dúró níbi àkọ́kọ́ tí ẹ bá ti rí déètì:

1. Ṣé àmì wà lórí ohun náà tó ní kó parẹ́? Déètì rẹ̀ ni ẹ mú. Kò sí òfin ìpamọ́ kan tó lè bá a du ipò ìparẹ́, nítorí pé ara nǹkan fúnra rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.
2. Bí kò bá sí, ṣé òfin kan wà tó dárúkọ àpótí tàbí sáìtì yìí, tí ó sì ní kó parẹ́? Òfin tó ń lo adaptive scope, ìyẹn èyí tó ń fi àbùdá bíi ẹ̀ka iṣẹ́ yan àwọn tó kàn, wà lára àwọn tó dárúkọ.
3. Bí kò bá sí, ẹ wo àwọn òfin tó kan gbogbo ènìyàn.

Bí ẹ bá rí ju ẹyọ kan lọ ní ipele kan náà, déètì tó súnmọ́ jù ni kí ẹ mú. Ẹ kíyè sí i: òdì kejì ìpamọ́ ni. Ìpamọ́, èyí tó gùn. Ìparẹ́, èyí tó kúrú.

Íméèlì wa kò ní àmì. Òfin B ló dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òpó ìparẹ́ rẹ̀ ṣófo, nítorí náà a kọjá. A dé ọ̀dọ̀ A àti D, tí wọ́n jọ wà ní ipele kẹta: 2023 àti 2021. Èyí tó kúrú ni 2021.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni pé wọ́n lẹ àmì mọ́ íméèlì náà, "ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà kó parẹ́". Bí ẹ bá rí 2025 ní òpó ìparẹ́, tí gbèdéke ìpamọ́ ṣì wà ní 2027, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí 2021 síbẹ̀, ẹ ti jẹ́ kí kúkúrú ṣáájú dídárúkọ. Ìyẹn ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní ìgbésẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ so déètì méjèèjì pọ̀

Ẹ ti ní déètì méjì. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ lè gbà parí.

Bí ọjọ́ ìparẹ́ bá ṣáájú gbèdéke ìpamọ́, bíi ti íméèlì wa, nǹkan náà yóò kúrò lójú olùlò ní ọjọ́ ìparẹ́, ṣùgbọ́n yóò lọ fara pamọ́ títí gbèdéke yóò fi pé. Ní 2021, Òfin D mú íméèlì náà kúrò nínú Inbox. Ó wọ Recoverable Items, fódà tí kì í hàn láàárín àwọn fódà tó kù, yóò sì wà níbẹ̀ dé 2027. Òun nìyí tí òṣìṣẹ́ wa fi ń wá a tí kò rí i, tí alábòójútó sì lè fi eDiscovery wá a kó jáde wẹ́rẹ́. Ti fáìlì SharePoint àti OneDrive, Preservation Hold library ni orúkọ ibi tó ń lọ. Olùlò lásán kì í rí ibẹ̀.

Bí ọjọ́ ìparẹ́ bá wá lẹ́yìn gbèdéke, tàbí tí méjèèjì bọ́ sọ́jọ́ kan, nǹkan náà yóò wà lójú títí di ọjọ́ ìparẹ́. Àmọ́ láàárín gbèdéke àti ọjọ́ ìparẹ́, kò sí ohun tó dì í mú mọ́: bí olùlò bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, ó ti lọ nìyẹn.

Bí òpó ìparẹ́ bá sì ṣófo pátápátá, kò ní parẹ́ fúnra rẹ̀ láéláé. Òfin tó ń pamọ́ nìkan kì í ju nǹkan nù tí ọjọ́ bá pé. Ó kàn ń ṣíwọ́ ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ lo eDiscovery láti wá íméèlì náà pẹ̀lú àkòrí rẹ̀. Bí ìṣirò yín bá sọ pé ó ti fara pamọ́, ó gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀ bí ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ rí i ní Outlook.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi ọjọ́ ìdúró kún un

Déètì tí ẹ ṣírò kì í ṣe ọjọ́ gan-an tí nǹkan máa lọ. Òfin tuntun lè gba ọjọ́ 7 kó tó dé ibi gbogbo. Ẹ̀rọ tó ń lọ káàkiri àwọn àpótí íméèlì tún lè gba ọjọ́ 7 kó tó yí dé ọ̀dọ̀ àpótí kan, kì í sì í fọwọ́ kan èyí tí kò bá tó 10 MB. (Ẹni tó ń fi àpótí òfìfo dán òfin wò, tí ó ń ṣe kàyéfì pé kò ṣiṣẹ́, kó lọ fi íméèlì kún un.) Lẹ́yìn náà, nǹkan tún ń wà nínú Recoverable Items fún ọjọ́ 14, tí alábòójútó lè sún dé 30. Ní SharePoint, ohun tó bá bọ́ sínú àpò ìdọ̀tí lè wà níbẹ̀ tó ọjọ́ 93.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ jẹ́rìí sí i lórí ìwé pé nǹkan kan ti parẹ́, ẹ má fi ọjọ́ tí òfin pé buwọ́ lù ú.

Ìgbésẹ̀ 7: Kí ẹ tó fọwọ́ kan òfin kankan

Nǹkan méjì ló léwu jù níbí.

Àkọ́kọ́ ni títú ìdádúró ẹjọ́ sílẹ̀. Àwọn òfin tó kù kò sùn ní gbogbo ìgbà tí ìdádúró fi wà. Wọ́n ń ka ọjọ́ lọ. Bí ìdádúró ọdún mẹ́rin bá kúrò, gbogbo ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láàárín ọdún mẹ́rin náà ti wà ní bèbè. Exchange máa ń fi ọjọ́ 30 kún un kó tó jẹ́ kí wọ́n lọ, ìyẹn delay hold. Ọjọ́ 30 yẹn nìkan lẹ ní láti ronú padà. Ibí yìí ni ohun tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Ìgbésẹ̀ 3 ti wúlò: ó ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ń di nǹkan mú bá tú ọwọ́.

Èkejì ni Preservation Lock. Bí wọ́n bá ti fi í ti òfin kan, ẹ lè fi àpótí kún òfin náà, ẹ sì lè mú ọdún rẹ̀ gùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ kò lè pa á, ẹ kò lè dín in kù, ẹ kò sì lè yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú rẹ̀. Alábòójútó àgbà pàápàá kò lè ṣe é. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ti òfin tí ẹ ò tíì dán wò.

Fún ìdánwò, ẹ mú àpótí kan tó ju 10 MB lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú òfin ńlá, ẹ fi sí abẹ́ òfin kékeré tí ẹ fẹ́, kí ẹ dúró fún ọjọ́ 7. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí Get-Mailbox. Bí ẹ bá rí òfin ńlá pẹ̀lú -mbx níwájú, tí òfin kékeré náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú 3 ní ìparí (bó bá jẹ́ èyí tó ń di nǹkan mú kó tó pa á rẹ́), ẹ lè ṣe é fún ẹ̀ka tó kù. Bí -mbx kò bá sí níbẹ̀, òfin ńlá ṣì di àpótí náà mú, ẹ má tíì kéde fún ẹnikẹ́ni.